Wọ́n Gé Igi Beatrice Láti Fi Kan Pósí Rẹ̀

A ti sin Beatrice Ọmọ́ṣaléwá Ikúmápàyí, ẹ̀yin ará Bariga. Ẹ kú ìnáwó, Ọlọ́run á dí i. Màlúù kú, ọtí ṣàn, gbogbo ẹni tí kò yà kí i nígbà tó wà lórí àìsàn ló wá dúró ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú rẹ̀. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.

Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan kan lọ́jọ́ náà tí kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan oúnjẹ yín. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó gbé pósí láti ilé rẹ̀ létí ọ̀sà lọ sí itẹ́ òkú ìjọ ń làágùn bí ẹni ru ọlọ. Wọ́n gbé e kalẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n mí, wọ́n tún gbé e. Obìnrin tí àìsàn ti jẹ tán, tó fúyẹ́ bí agbọ̀n tí wọ́n ti ta ẹja inú rẹ̀! Kí ló wá wúwo tó bẹ́ẹ̀? Mo sún mọ́ ọn, mo fọwọ́ kan pósí náà. Ó tutù rinrin, omi sì ń sun jáde ní ojú ìṣó. Pákó tútù ni wọ́n fi kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Láti etíkun Ìlàjẹ ni Beatrice ti tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wá sí Bariga. Omi gbé ọkọ lọ, ó ku òun àti ààrò ẹja. Ẹja ló ń yan ní ọ̀sán, ewì ló ń kọ ní ìrọ̀lẹ́, ìwé ìròyìn yìí sì ti tẹ díẹ̀ nínú wọn jáde. Ìyá Eléwì ni wọ́n ń pè é láti Abúlé Òkúta títí dé Fádèyí. Bí o bá lọ gbọ́ ewì nílé rẹ̀, wàá kọ́kọ́ jẹ ẹja ná. Ó ní ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa.

Ẹ má rò pé ewì ẹnu lásán ni o. Òun ló lé àwọn tó ń da ìdọ̀tí sí ọ̀sà. Òun ni kò jẹ́ kí wọ́n gé igi ẹ̀gbà inú omi, tí ẹja ń sá sí abẹ́ rẹ̀ láti yé ẹyin. Tíṣà kan tó wọ ṣòkòtò funfun báláú ju èèpo ọsàn sómi lójú rẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, ẹ ká ṣòkòtò yín sókè.” Tíṣà rò pé àwàdà ni. Nígbà tó yá, ó wọ omi, ó sì ṣa èèpo rẹ̀ pẹ̀lú ti ẹlòmíràn.

Igi abùrà ńlá kan wá wà ní ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń ṣa ẹja, ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ti ń tún àwọ̀n ṣe, gbòǹgbò rẹ̀ ló sì di bèbè mú tí omi kò fi wọ ilé. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn agégẹdú dé síbẹ̀ pẹ̀lú àáké. Beatrice kò bú wọn. Ó fẹ̀yìn ti igi, ó sì fi ohùn igi náà ké ewì:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé àáké dání,
Ẹ kọ́kọ́ jókòó sábẹ́ ibòji mi ná.
Ẹ gba atẹ́gùn, ẹ nu òógùn ojú yín.
Bí ara bá tù yín tán, ẹ dìde,
Kí ẹ wá sọ ohun tí mo fi ṣẹ̀ yín.

Àwọn agégẹdú jókòó lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n dìde, ilé ni wọ́n gbà lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Olóyè Adéjìmí, alága Ìgbìmọ̀ Bèbè Ọ̀sà, ẹni tí ẹbí rẹ̀ ló ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ó wá síbẹ̀ tìlù-tìfọn, ó sì ṣèlérí níwájú gbogbo èèyàn. Ó ní, “Ìyá Eléwì, níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣì wà láyé, àáké kankan ò ní kan igi yìí.” Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ títí. Falilat nìkan, tí òun àti Beatrice jọ ń ta ẹja, ló béèrè pé bí wọn ò bá sí láyé mọ́ ńkọ́? Wọ́n ní kó panu mọ́. Olóyè rẹ́rìn-ín, ó ní a kì í dárúkọ ikú níbi ayọ̀.

Olóyè mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Beatrice ti kú tán kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan igi. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí àáké fi ń dún. Nígbà tí ẹbí Beatrice sáré dé, àwọn ìgbìmọ̀ ní ẹ̀yẹ ni àwọn ń ṣe, pé kò sí pákó tó tọ́ sí Ìyá Eléwì bí kò ṣe ti igi tó fẹ́ràn. Japhet, àbúrò olóògbé, dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mi ò bá a wí, ẹkún ló wà lójú rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba ọpẹ́ náà ni mo ń bá wí. Báwo lẹ ṣe gbà á? Ọwọ́ wo lẹ fi gbà á?

Nítorí Beatrice ti sọ ohun tó fẹ́. Falilat ló jókòó tì í ní ọsibítù, òun ló sì gbọ́ ọ. Ó ní, “Falilat, kí wọ́n má pa màlúù lórí òkú mi. Igi yẹn ni kí wọ́n bá mi tọ́jú.” Falilat jẹ́ iṣẹ́ yìí fún ìgbìmọ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́. Ẹ ti rí ìdáhùn: ẹ pa màlúù, ẹ gé igi. Ǹjẹ́ ọ̀tá tiẹ̀ lè ṣe é báyìí?

Mo lọ bá Kàsúmù, káfíńtà tó kan pósí náà, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Fola Agoro. Ojú ń tì í. Ó ní òun sọ fún Olóyè pé wọn kì í fi pákó tútù kan pósí, pé òun ní pákó gbígbẹ tí òun fẹ́ fi ta Ìyá lọ́rẹ. Wọ́n ní kó ṣe ohun tí wọ́n rán an. Mo bi í pé ṣé gbogbo igi náà ló lò tán ni. Ó ní:

“Alàgbà, pósí kan kì í jẹ odindi igi. Pákó péréte ni wọ́n gbé wá fún mi. Wọ́n ti so ìyókù mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n ti fà á gba orí omi lọ.”

Ṣé ẹ gbọ́? Òkú Beatrice ni wọ́n fi bojú kó gẹdú lọ. Wọ́n fi ikú rẹ̀ ṣe àwáwí, wọ́n fi ọ̀fọ̀ ẹbí rẹ̀ ṣe ìbòrí. Olóyè Adéjìmí wá dúró létí sàréè, ó ké ewì igi náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣì, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Sórí pákó igi náà gan-an ló ń ké e! Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Kò tíì tán o. Mo padà sí etí ọ̀sà ní àná. Falilat ń ṣa ẹja nínú oòrùn, ó fi ìborùn bo orí. Ó nawọ́ sí àwọn igi yòókù lẹ́bàá bèbè fún mi. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ni wọ́n tún fẹ́ kan pósí fún? Bí òjò bá dé, tí bèbè bá ya, inú ilé ta ni omi máa kọ́kọ́ wọ̀? Dájúdájú, kì í ṣe ilé Olóyè.

Olóyè Adéjìmí, ẹ fọ ọ̀dà yẹn kúrò lára igi wa. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin àti ìgbìmọ̀ yín, ẹ wá sídìí kùkùté abùrà ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, kí gbogbo Bariga rí yín. Kò sí ibòji tẹ́ ẹ máa jókòó sí mọ́, ẹ ó dúró nínú oòrùn pẹ̀lú wa. Ẹ sọ ibi tí ìyókù igi wà. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tí Beatrice fi ṣẹ̀ yín.