Ilẹ̀kùn Àárín Nílé Ẹkùn

Wẹ́dà ni. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń jó irin. Jẹ́-ó-tutù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí bí oníbàárà bá ti ń kánjú gbé géètì rẹ̀, ohun tó máa ń sọ nìyẹn: "Jẹ́ ó tutù." Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò sí ilẹ̀kùn tó ṣe tó já rí, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí ilé tuntun nínú ọgbà tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹkùn, wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mú ará ilé rẹ̀ wá wòran. Ẹkùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú igbó. Èyí tí wọ́n mọ̀ pé ó kù ní gbogbo agbègbè náà ò ju mẹ́rìnlá lọ, abo kan nínú wọn ló wà nílé tuntun yìí. Ilẹ̀kùn irin mẹ́fà tó wà níbẹ̀, Jẹ́-ó-tutù ló ṣe é. Wọ́n sì ti ṣèlérí mẹ́fà mìíràn fún un, ti ilé kejì tí wọ́n fẹ́ kọ́.

Ẹnu ọ̀nà ọgbà ni òun àti ìyàwó rẹ̀ wà tí ọ̀rọ̀ kan fi sọ sí i lọ́kàn. Ilẹ̀kùn àárín. Ínjìsì ìsàlẹ̀, irin tí ilẹ̀kùn fi ń yí.

Lọ́jọ́ tó ń ṣe é, ojú méjì péré ló ti fi iná kàn án, kó ṣáà lè dúró, nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Lọ́jọ́ kejì ó jí dé ibẹ̀, ó ń jó àwọn tó kù yípo lọ́kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n pè é pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣubú nílé. Ó sáré lọ. Nígbà tó máa fi padà, wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú kun gbogbo rẹ̀. Ṣé ó ti dé orí ínjìsì yẹn kó tó sáré lọ? Ó rò ó títí. Kò rántí.

"Ọkọ mi ló ṣe ilẹ̀kùn ibí o!" Ìyàwó rẹ̀ ń sọ fún ẹni tí wọn ò mọ̀ rí.

"Rọra."

"Kí n rọra ṣe kí ni? Ṣé o jí wọn ni?"

Obìnrin kúkurú kan ló ń tọ́jú ẹkùn náà. Ìyá Ẹkùn ni wọ́n ń pè é. Òun ló kó àwọn òǹwòran wọlé, ó tò wọ́n sẹ́yìn okùn kan, òun fúnra rẹ̀ wá dúró síwájú ilẹ̀kùn àárín. Ẹkùn wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò dún.

Jẹ́-ó-tutù na ọrùn. Ọ̀dà ti bo ojú ínjìsì. Ó fẹsẹ̀ kan kọjá okùn.

"Bàbá, ẹ sún sẹ́yìn. Ẹran yìí ò mọ àgbà o."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó sún sẹ́yìn. Òógùn ń ṣàn sí i lójú. Bó bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ogójì ọdún bà jẹ́ lójú gbogbo wọn, ilẹ̀kùn mẹ́fà tí wọ́n ṣèlérí náà sì lọ nìyẹn. Bó bá dákẹ́, obìnrin yìí ni ilẹ̀kùn máa kọ́kọ́ wó lù. Bí ẹkùn bá sì jáde, wọ́n á yìn ín níbọn. Yóò ku mẹ́tàlá.

Ọmọ kan pariwo. Ẹkùn fò mọ́ ilẹ̀kùn, gbìì! Ilẹ̀kùn mì. Ọ̀dà díẹ̀ bó kúrò lára ínjìsì ìsàlẹ̀.

"Ẹ kó gbogbo wọn jáde," Jẹ́-ó-tutù ní.

"Kí ló dé?"

"Ínjìsì yẹn. Bóyá ni mo jó o tán."

Ìyàwó rẹ̀ di apá rẹ̀ mú. "Bóyá báwo? Baálé mi, bóyá báwo?"

Ìyá Ẹkùn ò bi í ní nǹkan mìíràn. Ó kó wọn jáde, ó fi ẹran tan ẹkùn wọ yàrá ẹ̀yìn, ó tì í mọ́bẹ̀. Ó wá na òòlù sí wẹ́dà.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló lù ú. Ínjìsì já bọ́ sílẹ̀.

Jẹ́-ó-tutù mú un nílẹ̀.

"Àwọn tó kù ńkọ́?" Ìyá Ẹkùn ní.

Ó lù wọ́n lójú rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, lára ilẹ̀kùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mọ́kànlá. Gbogbo wọn dúró. Ó lọ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀, ó jó èyí tó já yípo.

"Wẹ́dà mìíràn ló máa ṣe ilẹ̀kùn ilé kejì," Ìyá Ẹkùn ní. "Mi ò lè purọ́ fún yín."

"Mo gbọ́."

Ìyàwó rẹ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé, ojú ń ti òun. Kò dìde títí irin náà fi tutù. Ó ní kí wọ́n dá ẹkùn padà ná. Wọ́n dá a padà. Ẹkùn rìn wá, ó gbóòórùn irin náà, ó fi gbogbo ara tì í.

Ilẹ̀kùn ò mì; Jẹ́-ó-tutù ò mí títí ẹkùn fi kúrò níbẹ̀.