Ìntálọ́ọ̀kì Tó Ń Ba Aṣọ Funfun Jẹ́

Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé nǹkan kan kò tọ́ nípa ìntálọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ láti ẹnu géètì dé ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn wa, ní ọ̀nà Ìlútítun. Nínú ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, tí wọ́n sì ti kọ́ mi ní ìwé kíkà, a kì í wọ bàtà sí sútánà. Òjò kò rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà, síbẹ̀ ilẹ̀ yẹn tutù rinrin bí ìdí àmù. Pupa ni àwọn búlọ́ọ̀kù náà nígbà tí wọ́n tẹ́ wọn, wọ́n sì ń dán. Kò pẹ́ tí àárín wọn fi dúdú, tí ẹ̀gbẹ́ wọn sì ń yọ àwọ̀ ewé bí ara ògiri kànga.

Gbogbo wa la mọ ohun tó fà á. Alàgbà tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ló ní dandan ni kí wọ́n tẹ́ ẹ láàárín òjò, kí àwọn àlejò ọdún ìkórè lè rí i. Dípò yanrìn, amọ̀ àbàtà tó wà lẹ́yìn ilé ìsìn ni wọ́n dà sábẹ́ rẹ̀. Wọn kò la ọ̀nà fún omi, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo omi òrùlé ń dà sórí rẹ̀. A rí i, a sì dákẹ́, nítorí Alàgbà ni.

Ìyá mi ń ṣe epo pupa ní Erinje. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹyìn ni ó máa ń kun ọwọ́ àti ìró rẹ̀. Ṣùgbọ́n sútánà rẹ̀! Búlúù ni ó fi ń fọ̀ ọ́, inú àpótí ni ó ń gbé. Ní ọdún náà, àìsàn gbé e dè mọ́lẹ̀, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí òun bá tún lè fi ẹsẹ̀ òun rìn, iwájú pẹpẹ ni òun yóò ti dúpẹ́. Ọlọ́run gbọ́. Ó dìde, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, etí sútánà tó máa ń mọ ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń gbálẹ̀. Nígbà tí ó fi dé ẹnu ọ̀nà ní ọjọ́ ìdúpẹ́ rẹ̀, etí aṣọ náà ti dúdú.

Alàgbà dá a dúró. “Ìyá, ẹ wo aṣọ yín.”

“Ilẹ̀ ló tutù, Alàgbà.”

“Ilẹ̀ kẹ̀? Ṣé ilẹ̀ mọ ẹni tó ń yàn ni? Tèmi rèé, funfun báláú! Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá mọ́, aṣọ rẹ̀ kì í gba àbàwọ́n. Ẹ lọ gbààwẹ̀ ná.”

Obìnrin akọrin kan fi ẹnu sí i: “Àbí epo ni?”

“Epo tèmi kì í dúdú, ọmọ mi,” ni ìyá mi wí. Ó yí padà, ó ń sunkún lọ.

Kí ló dé tí aṣọ Alàgbà kò fi ní funfun? Mọ́tò ni ó ń gbé e dé orí pèpéle ẹnu ọ̀nà. Táyà ló ń bá a gba àbàwọ́n! Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Alàgbà ló da omi, àwa là ń tẹ ilẹ̀ tútù rẹ̀. Wọ́n sì wá fi í lé aláìsàn tó wá dúpẹ́ jáde!

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo di ọwọ́ ìyá mi mú, a dúró sí àárín ìntálọ́ọ̀kì náà. Mo rò pé mo dà bí wòlíì ìgbàanì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tín-ín-rín kan ni àwọn èèyàn rí. Mọ́tò Alàgbà wọ géètì, ó ń fun fèrè.

“Ẹ kúrò lọ́nà!” ni Alàgbà kígbe láti inú rẹ̀.

“Ẹ bọ́ sílẹ̀, sà. Ẹ jẹ́ ká jọ rìn wọlé.”

Ìbínú sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ń na ìka sí mi bọ̀, ó ń sọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tí kò ní ẹ̀kọ́. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ilẹ̀ ti mú etí sútánà rẹ̀ tó gùn dé ilẹ̀, ó dúdú yí ká.

Ìyá mi wò ó. “Alàgbà, ẹ rọra o. Ilẹ̀ tutù.”

Obìnrin akọrin ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi gba ẹ̀gbẹ́ Alàgbà kọjá, ó wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó dúpẹ́. Kò sí ẹni tó dá a dúró.

Wọ́n ti hú ìntálọ́ọ̀kì náà báyìí, wọ́n ti da yanrìn sí i. Alàgbà kò tọrọ àforíjì títí di òní. Àbàwọ́n náà kò sì kúrò lára sútánà ìyá mi, búlúù kò ràn án. Nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé, sútánà yẹn náà ni a fi sin ín, nítorí ó ní Ọlọ́run mọ ibi tí àbàwọ́n náà ti wá. Mo dúpẹ́ pé ó mú ẹ̀jẹ́ rẹ̀ ṣẹ. Èmi náà ṣì ń lọ sí ìjọ yẹn. Ṣùgbọ́n kí n tó wo etí aṣọ ẹnikẹ́ni, mo máa ń kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí a ní kí ó gbà kọjá.