Díbéètì Lórí Iṣẹ́ Abẹ́ Agboòrùn

Ẹni tó bá mọ̀ mí láti kékeré ní Ìsìkàn, l'Àkúrẹ́, mọ̀ pé n kì í gbà fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ní ọ̀sán ni, màá ní òru ni, màá sì wá ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀. Ìyá mi, tó ń ránṣọ ní Ọjà Ọba, a máa sọ pé lọ́yà ni màá dà. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Oǹdó ni mo bá ara mi nígbẹ̀yìn. Kí n má baà fi ẹ̀bùn mi ṣòfò, mo wọ ẹgbẹ́ onídíbéètì.

Ìgbà yẹn ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, kò tíì sí lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ pe ará ilé rẹ̀ yóò wá sábẹ́ agboòrùn lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ wa, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ta kọ́ọ̀lù. Èmi náà wà lára wọn. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà ní kíláàsì la ń pín ìjókòó. Bí ọ̀kan bá lọ sí lẹ́kíṣọ̀, èkejì á dúró ti fóònù. Iṣẹ́ náà ní ìwà tirẹ̀. Bí oníbàárà bá ti gbé fóònù sétí, ojú ọ̀nà lo máa wò bí ẹni tí kò gbọ́, ì báà jẹ́ pé ó ń pariwo ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ dé òdìkejì títì. Ọ̀rọ̀ ìdílé tí mo gbọ́ ní Oǹdó, bóyá ni pásítọ̀ gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Abẹ́ agboòrùn yẹn ni mo ti ń jẹun. Ìyá mi kò mọ̀. Ó rò pé ohun tí òun ń fi ránṣẹ́ láti Àkúrẹ́ ń tó mi. N kò sì ní ọkàn láti sọ fún un pé kò tó.

Nígbà tó yá, a gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fòfin de akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ta kọ́ọ̀lù. Wọ́n ní a kì í jókòó sí kíláàsì mọ́. Ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́ ní kí ẹgbẹ́ wa kọ́kọ́ jiyàn lé e lórí ní gbangba, kí òun gbọ́ kí òun tó pinnu. Inú mi dùn, mo ti ń to ọ̀rọ̀ jọ. Àfi ìgbà tí a ṣẹ́ kèké, tí kèké gbé mi sí ìhà tó fara mọ́ òfin náà! Ọmọ díbéètì kì í sì í kọ ìhà tí kèké bá gbé e sí. Ìtìjú gbáà ni. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n mọ̀-ọ́n-mọ̀ fìdí rẹmi. Mo ṣèlérí fún un.

Ọjọ́ Ẹtì ni. Ìyá mi wọ bọ́ọ̀sì wá láti Àkúrẹ́, ó gbé síkẹ́ẹ̀tì dúdú tó rán fún mi dání, ó sì jókòó síwájú. Mo dìde, mo kí alága, mo kí àwọn adájọ́ tí kì í ṣègbè, mo kí olùṣọ́ àkókò tí aago rẹ̀ kì í purọ́. Mo fẹ́ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbọ́ àtẹ́wọ́ àkọ́kọ́ báyìí, orí mi wú. Mo ní ojú kan kò lè wo pátákó ìkọ̀wé kó tún máa wo oníbàárà. Mo ní òbí tó rán ọmọ rẹ̀ lọ sílé-ìwé kò rán an lọ sọ́jà. Gbọ̀ngàn mì tìtì. Ìyá mi dìde, ó ń nàka sí mi fún ẹni tó jókòó tì í.

Ìhà wa ló borí. Ọ̀gá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi níṣojú gbogbo ènìyàn, ó ní mo ti mú iyèméjì òun kúrò. Láti Mọ́ńdè, akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ ta kọ́ọ̀lù lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí létí. Àfọwọ́fà ni, ta ni mo fẹ́ bá wí?

Ìyá mi ní dandan, òun gbọ́dọ̀ pe aládùúgbò wa ní Ìsìkàn, kí wọ́n gbọ́ pé ọmọ òun borí. Kí n tó rí ọgbọ́n dá, ó ti dé abẹ́ agboòrùn wa. Ọ̀rẹ́ mi, tó jókòó ti iṣẹ́ látàárọ̀, rí mi, ó dìde.

"O ṣeun tí o tètè dé. Wá gba ìjókòó rẹ, mò ń lọ sí lẹ́kíṣọ̀. Ṣé o fìdí rẹmi bí o ṣe ṣèlérí?"

Ìyá mi wo àga, ó wò mí. Ó jókòó, ó mú ìwé tí a ń kọ owó kọ́ọ̀lù sí lórí tábìlì, ó rí orúkọ mi lára rẹ̀. Ojú tì mí, ó sì dùn mí dé ọkàn. Mo rò pé yóò bínú.

"Ibí yìí lo ti ń jẹun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Uṣẹ́ yìí náà lo bá jà lọ́hùn-ún?"

Ó rọra fi ìwé náà sílẹ̀. Kò pe Ìsìkàn mọ́.

"Ó dáa, ọmọ mi. Tó bá di Mọ́ńdè, kí lo máa jẹ?"

Ìhà méjèèjì la ti sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn, kò sẹ́ni kan tó béèrè ìyẹn.