Ẹ̀gbọ́n Mi Ní Òun Kò Rí Ìgèrè Rí

Nígbà tí mo wà ní kékeré, Adéwálé ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi bí a ṣe ń hun ìgèrè, ìyẹn agbọ̀n gígùn tí a fi ń mú ẹja lódò. Òun kan náà ló dúró níwájú ọmọ mi àti àwọn ará ìjọ wa, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹwàá tó kọjá, tó sì sọ pé òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ọ̀ràn náà ni mo gbé wá síwájú ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà létí odò yóò rántí. Abúlé wa kò jìnnà sí odò Ògùn. Kí oòrùn tó yọ, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi á ti wà nínú omi tó dé wa níbàdí, tí òtútù ń mú wa, tí ẹrẹ̀ ń yọ̀ láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ wa. Ọparun ni a máa ń là wẹ́wẹ́, a ó fi ìtàkùn dì í, a ó sì hun ẹnu kékeré kan sínú ẹnu ńlá, kí ẹja tó bá wọlé má lè rí ọ̀nà jáde. Èkùrọ́ tí a fọ́ ni a fi ń tàn wọ́n. Bàbá wa a máa sọ pé, "Ẹ dì í le! Ẹja àrọ̀ tó bá jáde kò ní dágbére fún yín."

Ní ọjọ́ kan, mo di ìgèrè tèmi dẹ̀, gbogbo ẹja inú rẹ̀ sì sá lọ. Bàbá ní n kò ní fi ẹja kan ẹnu ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo jókòó ti ọbẹ̀ ilá mi, ojú mi kún fún omijé. Ẹ̀gbọ́n mi wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì ki orí àrọ̀ tirẹ̀ bọ abẹ́ èbà mi. Ìyá wa rí i, ṣùgbọ́n ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá adìyẹ sọ̀rọ̀.

Nígbà tó yá, agbára àwọn òbí wa kò ká ilé ẹ̀kọ́ ọmọ méjì. Mo kúrò ní ilé ìwé ní kíláàsì kẹrin, ẹ̀gbọ́n mi sì lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì ní ìlú. Ẹja tí mo mú, tí ìyá wa yan, ni wọ́n fi rán an níwèé. N kò bínú sí i nítorí ìyẹn rí. Ó di apoògùn ní ilé ìwòsàn, òun náà ló sì mú mi wá sí Amẹ́ríkà. Ìlú kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Laurel ni mò ń gbé báyìí.

Ní Sátidé tí mo wí yẹn, ìjọ wa kó àwọn ìdílé lọ sí ọgbà ìjọba àpapọ̀ kan létí odò Potomac. Mo mú Moyọ̀, ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, dání; ẹ̀gbọ́n mi náà bá wa lọ. Ní ilé tí wọ́n ti ń gba àlejò, obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Piscataway, àwọn tó wà lórí ilẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé, ń sọ ìtàn ìran rẹ̀ fún wa. Ó ní nígbà ayé ìyá ìyá òun, àwọn kan nínú wọn fi ìran wọn pamọ́ nítorí ẹ̀gàn. Lẹ́yìn náà ló gbé agbọ̀n ìpẹja kan síwájú wa, ó bèèrè ìdí tí ẹja kò fi lè jáde nínú rẹ̀. Ọkàn mi fò sókè. Ìgèrè ni! Mo bọ́ síwájú, mo fi ìka àti gẹ̀ẹ́sì mi tí kò tó nǹkan ṣàlàyé ẹnu inú lọ́hùn-ún. Inú obìnrin náà dùn púpọ̀, ó bèèrè ẹni tó kọ́ mi. Mo nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi fẹ́ràn àlọ́," ló fi gẹ̀ẹ́sì sọ. "Ìbàdàn la dàgbà sí. N kò rí nǹkan yìí rí."

"Bàbá Moyọ̀ apẹja!" ni alàgbà kan kígbe. "Ẹ bá wa mú ti ọ̀sán yìí wá o!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi tàánútàánú, ó sì rọra gbé agbọ̀n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nínú mọ́tò, nígbà tí à ń lọ sílé, Moyọ̀ yíjú sí mi. Ó wá ní, "Dádì, gbogbo ìtàn odò tẹ́ ẹ máa ń sọ fún mi, ṣé ẹ kàn ń dá a sọ ni?" Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn, á ní, "Okay, Dádì," bí ẹni ń rẹ ọmọdé lẹ́kún.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi nílé rẹ̀. Mo ní kí ó sọ òtítọ́ fún ọmọ mi.

"Túndé, fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀," ló wí. "O ò mọ ohun tójú mi rí ní sẹ́kọ́ńdìrì. Òórùn-Ẹja ni wọ́n ń pè mí títí mo fi jáde. Ṣé kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní ìjọ ni?"

N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí gidigidi. Síbẹ̀, kí ìtìjú tirẹ̀ má bàa hàn, ó sọ mí di òpùrọ́ lójú ọmọ mi.

Láyé ìgbà náà, irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í di ọjọ́ kejì. Bàbá wa á pe àwa méjèèjì jókòó lórí ẹní, a kò sì ní dìde títí ẹni tó jẹ̀bi yóò fi gbà pé òun jẹ̀bi. Lónìí, bàbá kò sí, ìyá kò sí. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ni èmi ń lọ. A ó juwọ́ síra wa nínú mọ́tò, ó parí. Ta ni yóò pè wá jókòó?

Ìdí nìyí tí mo fi pè yín. N kò ní kí ó dìde sọ̀rọ̀ níwájú ìjọ. N kò ní kí ó bẹ̀ mí. Kí ó jókòó ti Moyọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kí ó sọ fún un pé bàbá rẹ̀ kò purọ́. Ó ní ohun tí mo béèrè ti pọ̀ jù. Ẹ ti gbọ́ tèmi, ẹ ti gbọ́ tirẹ̀. Ẹ bá wa dá a: ṣé ó pọ̀ jù?