Òróró Màmá Nínú Kéèkì Elégédé

Òórùn elégédé àti jínjà ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé, kí n tó gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ Alhaja onílé wa lójúde. Ìgandò là ń gbé nígbà náà, ní àdúgbò tí títì ọlọ́dà kò tíì dé, tí ẹrẹ̀ pupa máa ń ta sí wa láṣọ ilé-ìwé dé orúnkún bí òjò bá rọ̀. Yàrá méjì tó wà lẹ́yìnkùlé ni tiwa. Ẹ̀gbẹ́ wa gan-an ni ilé kan wà tí ẹni tó ni ín kọ́ dé ojú fèrèsé tó sì pa tì, elégédé sì ti gba gbogbo rẹ̀. Ó fà láti yàrá dé pálọ̀, ó gun ògiri, ó wá yọrí síta lójú fèrèsé bí ayálégbé tó ti san owó ọdún méjì. Alhaja ló gbìn ín. Bàbá rẹ̀ àgbà ló ni gbogbo ilẹ̀ àdúgbò náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e tà, nítorí náà kò sẹ́ni tó jẹ́ bi í léèrè ohun tó ń gbìn sínú ilé onílé. "Ìyá Títí, máa wá já a, kó má baà jẹrà sílẹ̀," bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ fún ìyá mi.

Èmi ni Títí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí lọ́dún tí mò ń sọ yìí, kíláàsì karùn-ún ni mo wà, èmi nìkan sì ni ọmọ tí àwọn òbí mi ní. Olùkọ́ wa kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe mọ́fìn elégédé, ìyẹn kéèkì kéékèèké, sójú pátákó lọ́jọ́ kan, mo dà á kọ, mo gbé e lọ fún ìyá mi. Kó tó lọ́kọ, ilé búrẹ́dì kan ní Akówonjò ló ti ṣiṣẹ́, kò sí ohun tí fúláwà fẹ́ fi dẹ́rù bà á. Ó ka ìwé mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Bọ́tà, mílíìkì, ẹyin mẹ́ta, àti nǹkan kan tí wọ́n pè ní sínámọ́nù, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fojú rí rí. Ó ní, "Bí a ò rí àdàn, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ." Ìjọ Aládùúrà là ń lọ, aṣọ funfun ló ń wọ̀, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn lọ sílé ìsìn lọ́jọ́ ìsinmi, kò sì sí ohun tó máa dé ìdí ẹbọ ṣe. Síbẹ̀, òwe yẹn kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Jínjà gún régé dípò sínámọ́nù. Òróró ẹ̀pà rọ́pò bọ́tà. Ó fún omi lára àgbọn, ó ní mílíìkì nìyẹn. Ìkòkò ńlá tó da iyanrìn sí nísàlẹ̀ ló gbé ka ààrò èédú, inú rẹ̀ la sì ń to àwọn agolo mílíìkì kéékèèké tí a ti fi òróró pa nínú sí.

Ti àkọ́kọ́ kò wú rárá. Ńṣe la se elégédé nínú omi, omi náà bá a wọ inú fúláwà, ohun tó jáde látinú agolo sì rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Bàbá mi wò ó, ó mú ṣíbí, ó bèèrè pé ẹ̀kọ tí a máa fi jẹ mọ́ínmọ́ín yìí dà.  Lọ́sẹ̀ kejì, ìyá mi fi ooru se elégédé náà pẹ̀lú èèpo, ó kó o sínú aṣọ funfun tó mọ́, ó fún un títí omi fi tán lára rẹ̀. Ti ọ̀tẹ̀ yìí wú, ṣùgbọ́n ó le, nítorí èmi ni wọ́n ní kí n pò ó, mo sì pò ó bí ẹni tó ń ro ọkà. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó di ọwọ́ mi mú sórí ọpọ́n. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Títí. Rọra yí i. Tí o ò bá ti rí fúláwà mọ́, fi í sílẹ̀." Ọjọ́ yẹn ni kéèkì wa wú, tí orí rẹ̀ là, tí inú rẹ̀ pọ́n tó sì rọ̀. Bàbá mi kò bèèrè ẹ̀kọ mọ́.

Ká má rí i bí eré lásán. Ìyá mi lóyún lọ́dún náà. Oyún méjì ló ti bàjẹ́ lára rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bí mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ bí yàrá méjì ṣe rí: ohun tí àgbà bá sọ nínú ọ̀kan, ọmọdé á gbọ́ ọ nínú èkejì. Oyún tuntun yìí kò jẹ́ kó gbádùn oúnjẹ. Ẹ̀bà, ìrẹsì, ẹ̀wà, gbogbo rẹ̀ ló ń bì, títí ó fi di oṣù keje. Kéèkì elégédé nìkan ló ń dúró nínú rẹ̀.

Màmá Wòlíì, obìnrin tó ń ṣáájú àdúrà ní ìjọ wa, gbàdúrà sí ìgò òróró ólífì kan fún un. Àràárọ̀ ni kó máa fi pa ikùn pẹ̀lú Sáàmù, kó sì lá díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo kúnlẹ̀ sí nígbà tí Màmá Wòlíì gbé ìgò náà lé e lọ́wọ́, etí mi méjèèjì ni mo sì fi gbọ́ ohun tó sọ: "Má jẹ́ kó tán kí ọmọ tó dé o." Ojú fèrèsé, lẹ́yìn kọ́tìnì, ni ìyá mi ń gbé e sí.

Sátidé kan, ìyá mi lọ síbi àdúrà àwọn aboyún. Kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti ọjọ́ tó ṣáájú. Bàbá mi ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀ ní Ìdímù. Mo ní kí n ṣe kéèkì dè é, kó bá a ní gbígbóná. Mo se elégédé, mo fún un, mo wọn fúláwà, mo da páúdà tó ń mú un wú sí i, iná èédú ti ràn. Mo wá na ọwọ́ sí ìgò òróró ẹ̀pà, òfìfo ni. Alhaja ò sí nílé. Kò sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Òwe ìyá mi sọ sí mi lọ́kàn: bí a ò rí àdàn. Mo fa kọ́tìnì. Ṣíbí kan péré ni mo fẹ́ mú, Ọlọ́run ló mọ̀, ṣùgbọ́n ife kan ni ìwé mi wí, èmi sì jẹ́ ọmọ tó ń tẹ̀lé ìwé.

Nígbà tí mo da ife kan tán sínú fúláwà, tí mo gbé ìgò náà sókè wò, ohun tó kù nínú rẹ̀ kò ju kí ó bo ìsàlẹ̀ lọ.  Mo sáré pọn omi dà sí i kó lè kún. Omi lọ sísàlẹ̀, òróró léfòó, ẹni tó bá sì ní ojú lè rí ojú ààlà wọn kedere. Bí mo ṣe ń da omi náà jáde, òróró tó kù bá a lọ. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún. Nígbà tí Alhaja dé, mo gbé ife lọ bá a, mo ní ìyá mi ní kí n wá tọrọ òróró ẹ̀pà. Ó bù ú fún mi láìbèèrè ọ̀rọ̀ kan. Mo rọ ọ́ sínú ìgò náà dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an, mo fa kọ́tìnì padà.

Ìyá mi jẹ kéèkì mẹ́rin lọ́jọ́ yẹn. "Títí, ọwọ́ rẹ ti fẹ́ dára ju tèmi lọ," ló wí. Èmi ò lè gbé ẹyọ kan mì.

Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, màá gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí Sáàmù, màá gbọ́ ìró àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lára ikùn rẹ̀, yàrá á sì máa ta sánsán bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ dín àkàrà. Màá fi aṣọ bo orí. Ìṣirò ọmọdé ni mò ń ṣe lábẹ́ aṣọ náà: oyún méjì kò ní òróró, méjèèjì bàjẹ́, ìkẹta ní òróró, èmi sì ti yan án jẹ. Mo fẹ́ sọ, ẹnu mi kò gbà á. Ní ìjọ, bí mo bá ti rí Màmá Wòlíì lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀yìn òpó ni màá sá sí. Mo rù. Ìyá mi ní iṣẹ́ ilé-ìwé ló ń dà mí láàmú.

Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni ìrọbí mú un, mo ti wọ aṣọ ilé-ìwé tán. Bàbá mi àti Alhaja gbé e lọ sí ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n sì mú mi dání nítorí kò sẹ́ni tó máa wà pẹ̀lú mi. Orí bẹ́ǹṣì la jókòó sí. Aago mẹ́wàá lù, aago méjìlá lù, oòrùn yí sí ìwọ̀-oòrùn. Nọ́ọ̀sì jáde lẹ́ẹ̀mejì, kò wo ojú wa. Mò ń gbọ́ igbe ìyá mi. Nígbà tó ṣe, n kò gbọ́ ọ mọ́, ìyẹn ló sì burú jù.

Mo ṣubú lu bàbá mi lẹ́sẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo pa Màmá o!" Gbogbo ọ̀rọ̀ náà tú jáde lẹ́nu mi pẹ̀lú ẹkún: òróró, kéèkì, omi, irọ́ tí mo pa fún Alhaja. Bàbá mi kò nà mí. Ó kàn gbé ọwọ́ lé mi lórí. Alhaja ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Òróró ẹ̀pà tó o wá gbà lọ́wọ́ mi, òun ni ìyá ẹ ń fi pa ikùn láti ọjọ́ yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Háà. Ṣé èmi ni mo wá di wòlíì báyìí?" Ó fi etí gèlè rẹ̀ nù mí lójú. "Ọlọ́run tí ìyá ẹ ń ké pè ò sí nínú ìgò, jàre. Dìde nílẹ̀ẹ́lẹ̀."

Mo dìde, ṣùgbọ́n mi ò gbà á gbọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ sí i kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Nọ́ọ̀sì náà ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú ewu o. Obìnrin ni." Bàbá mi kò bèèrè ọmọ. "Ìyá ẹ̀ ńkọ́?" "Ó wà dáadáa, sà. Ó ní ebi ń pa òun." Alhaja pariwo "Àlùhámúdù lílàhì!" bàbá mi pariwo "Halelúyà!" èmi sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójijì. Ara mi fúyẹ́ débi pé mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún, mi ò sì mọ èyí tí mo máa ṣe tán kí n tó ṣe èkejì. Láti ọ̀sẹ̀ méje, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ mí kanlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n wọlé, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ń wo ọmọ tó wà láyà rẹ̀. "Mo mọ̀," ló wí. "Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ti mọ̀. Ta ló máa fi òróró ẹ̀pà pa ikùn tí imú ẹ̀ ò ní sọ fún un?"

Mo bi í pé kí ló dé tí kò bá mi wí.

"Mo fẹ́ lù ẹ́ o. Mo wá wo ojú ẹ. Mo ní tí mo bá sọ̀rọ̀, tí nǹkan kan bá wá ṣe oyún yìí, ìwọ ọmọ yìí máa rò pé ìwọ lo fà á, títí o máa fi darúgbó. Mo bá ń fi pa ikùn lọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀rù ò bà yín, mà?"

"Ó bà mí. Àràárọ̀ ló ń bà mí."

Àbúrò mi yẹn ti ga jù mí lọ báyìí. Èmi náà ti ní ilé tèmi ní Ègbẹ́dá, àti ọmọ méjì, mo sì ti fi ọdún mẹ́ta ju ọjọ́ orí ìyá mi nígbà náà lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn rò pé òun nìkan ló ń bẹ̀rù nínú ilé, pé òun ló ń fi nǹkan pamọ́ fún ìyá òun. Ó pẹ́ kí n tó mọ ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ fún ẹnì kejì, àti ohun tó ná ìyá mi láti máa da òróró náà sọ́wọ́ láràárọ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ òórùn kankan. Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin ju fóònù mi sínú báàfù omi. Ojú rẹ̀ ti sọ fún mi pé ó ti kábàámọ̀ kí n tó lanu, síbẹ̀ mo pariwo títí àwọn ará ilé kejì fi yọjú. Ìyá mi gbé ẹ̀rù tirẹ̀ àti tèmi mọ́ra fún ọ̀sẹ̀ méje, kò sọ̀rọ̀. Èmi ò tíì lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méje.