Abẹ̀bẹ̀ Kẹta

Òórùn ike tó ń jóná ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kì í ṣe òórùn èéfín igi tútù tí gbogbo ilé wa ní Okere fi ń dáná. Èyí wọ imú, ó sì jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ. Mo sáré jáde sí àgbàlá. Bàbá mi wà lórí àpótí, ó fi ẹ̀mú di ìṣó tó ti pọ́n nínú iná mú, ó sì ń kì í bọ inú ihò nǹkan funfun pẹlẹbẹ kan tó ní apá méjì.

"Sidi, má wá síbí," ló wí láìgbójú sókè. "Iṣẹ́ òyìnbó ni mò ń ṣe."

Ará Ọ̀yọ́ ni bàbá mi, ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ló ń tà lọ́jà Okere. Nígbà náà, owó epo rọ̀bì ti gbòde, òyìnbó sì pọ̀ ní Warri débi pé ajá kì í gbó wọn mọ́. Òfin kan ṣoṣo ni bàbá mi ní nídìí ọjà: oníbàárà kankan kò gbọdọ̀ gbọ́ "n kò mọ̀ ọ́n" lẹ́nu òun. Ìyá mi a máa ní, "Ẹnu Baba Sidi ló ń gbaṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ló ń jìyà ẹ̀."

Òyìnbó kan tó máa ń dé fìlà koríko ńlá ló gbé iṣẹ́ náà wá. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan, kò gùn ju àga ìjókòó lọ, orí ilẹ̀ ló sì ti máa ń fi àpótí rédíò kan darí rẹ̀ lókè. Ó ti wá fi ẹ́ńjìnnì tó tóbi sí i sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pá ẹ́ńjìnnì náà sanra ju ihò abẹ̀bẹ̀ tí yóò máa yí níwájú rẹ̀ lọ. Abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta péré ló ní. Ó fẹ́ fò ó ní Sátidé lójú àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ń béèrè bóyá bàbá mi lè bá a fẹ ihò náà. Ó fi bóòtù kan tó sanra bí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀ fún ìwọ̀n.

Bàbá mi kò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. "Oga, dis one na small thing," ló dáhùn. "Come carry am Friday."

Ìṣó gbígbóná ló ba àkọ́kọ́ jẹ́. Ihò náà yọ́, ó sì fẹ̀ gbàgàdà bí ẹnu ẹni tó ń yán. Fún èkejì, dírílì káfíńtà ni bàbá mi yá. Ihò náà mọ́ dáadáa, àfi pé kò sí láàárín. Nígbà tí bàbá mi so ó mọ́ àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan, tó sì yí i, ó gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe, ó já, ó fò kọjá ògiri, ó sì ṣí fìlà lórí Alàgbà Súlè, alámùúlétì wa tó ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́.

"Baba Sidi," ni bàbá arúgbó náà pariwo, "ṣé wọ́n ní kẹ́ ẹ gbé èmi náà fò ni?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi bàbá mi. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Mo gbọ́ ohun tó sọ fún ìyá mi láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé: "Ó ku ẹyọ kan. Bí mo bá ba èyí náà jẹ́, kí ni wọn yóò máa pè mí lọ́jà yìí?" Ohùn rẹ̀ kéré. N kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí, ẹ̀rù sì bà mí ju bí ẹni pé ó nà mí lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Mo ki abẹ̀bẹ̀ kẹta, bóòtù náà àti fáìlì róbótó kan, irin tí wọ́n fi ń ha nǹkan, tó tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀, sínú àpò kéú mi. N kò dé ilé kéú. Yàrá Ìyá Alábẹ́rẹ́ ni mo gbà lọ, ìyá àgbà tó ń lu etí fún gbogbo ọmọbìnrin àdúgbò wa. Mo bi í bó ṣe ń mú kí ihò etí méjèèjì dọ́gba.

"Mo máa ń fi tìróò sàmì sí i ná," ló wí. "Lẹ́yìn náà, n kì í kánjú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Etí ta lo fẹ́ lu?"

Mo fi abẹ̀bẹ̀ hàn án. Ó wò ó títí. "Etí rẹ̀ dà?"

A fi tìróò fa òbíríkítí yí ihò náà ká. Mo ki fáìlì bọ̀ ọ́, mo yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo dojú abẹ̀bẹ̀ délẹ̀, mo tún yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo dán bóòtù wò. Kò wọ̀ ọ́. Mo tún yí i. Ìka mi bó. Nígbà tí wọ́n pe àdúrà ìrọ̀lẹ́, bóòtù náà wọlé, kò fún, kò sì mì. Ìyá Alábẹ́rẹ́ ki abẹ́rẹ́ gígùn la ihò náà kọjá, ó gbé abẹ̀bẹ̀ náà kọ́, apá kan sì rọ̀ sílẹ̀. "Apá yìí ló ń jẹun jù," ló wí, a sì fi sáńpépà ha á títí tí méjèèjì fi dúró gbọọrọ.

Nígbà tí mo délé, mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún bàbá mi. Ó ki bóòtù bọ̀ ọ́, ó yọ ọ́, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Ó fa abọ́ ẹ̀bà rẹ̀ tó ti tutù mọ́ra, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Ní Jímọ̀, òyìnbó béèrè ẹni tó ṣe iṣẹ́ tó dára báyìí. Bàbá mi wò mí. Ó rọrùn fún un láti ní òun ni.

"Na my pikin, Sidi, do am."

Òyìnbó bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. "I no dey play, oga," ló ń wí, títí òyìnbó náà fi ṣí fìlà rẹ̀, tó sì kí mi.

Ní Sátidé, òyìnbó náà mú wa dání lọ sí pápá kan létí omi ní Ugbuwangue. Ọkọ̀ náà ké bí ẹgbẹ̀rún kòkòrò, ó sáré, ó gbéra! Bàbá mi di ọwọ́ mi mú pinpin. Ọkọ̀ náà yí po lẹ́ẹ̀mẹrin, kó tó di pé rédíò rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ doríkọ odò, ó sì bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi ìyá Ìlàjẹ kan tó ń da àwọ̀n.

Nígbà tí a dé etí omi, ìyá náà ti fi aṣọ bo ọkọ̀ òfuurufú náà. "Fish wey jump enter canoe," ló bi òyìnbó, "na who get am?"

"Madam, it is not a fish!"

"E get tail. E get wing. E jump enter."

Bàbá mi fi Yorùbá bẹ̀ ẹ́. Ìyá náà ní ariwo nǹkan yìí ti lé gbogbo ẹja òun lọ, kí ẹni tó lé wọn wá pè wọ́n padà. Báyìí ni òyìnbó ṣe bọ́ bàtà, tó wọ inú ọkọ̀ ìyá náà, tó sì ń bá a fa àwọ̀n láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Oòrùn pọ́n imú rẹ̀ bí ata. Nígbà tó pa ẹja mẹ́ta, ìyá náà dá ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ padà fún un, ó sì fi ẹja kan kún un pé ó ṣiṣẹ́.

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé nǹkan wá sọ́jà fún mi láti fẹ ihò rẹ̀: bẹ́líìtì, ìdérí ìkòkò, tẹ̀sùbáà tí òwú rẹ̀ sanra jù. Bàbá mi kò dá ẹnì kankan padà.

Mo ti dàgbà báyìí ju bí bàbá mi ṣe wà nígbà náà lọ. Ọdún púpọ̀ ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Lóṣù tó kọjá, ìṣó kékeré inú awò ojú mi tú. Mo ní ohun èlò tí mo lè fi dè é, mo sì ní àkókò, síbẹ̀ mo wé awò náà sínú aṣọ, mo gbé e lọ fún ọmọkùnrin kan tó ní ìwé ẹ̀rí àtúnṣe awò, torí mo ń bẹ̀rù kí n má bà á jẹ́. Bí mo ṣe jókòó síbẹ̀ tí mò ń dúró de ọmọkùnrin náà, mo ronú kan ọmọ ọdún mẹ́wàá tó jí abẹ̀bẹ̀ tó kù lórí ilẹ̀ ayé gbé, tó sì ki fáìlì bọ̀ ọ́. Ká ní ó wọlé bá mi níbẹ̀, mo mọ̀ pé yóò kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Ṣùgbọ́n n kò rò pé yóò jẹ́ kí ọwọ́ tó ń bẹ̀rù bíi tèmi bá òun di nǹkan kan mú.