Ilé Iṣẹ́ Tí Ìyàwó Mi Kò Mú

Mi ò fẹ́ràn ọkùnrin náà láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé alùpùpù rẹ̀ dúró síwájú ilé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó ga, ó mọ èèyàn kí, ó sì pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù, torí mo ti ń wá ibi tí màá ti mú un, mi ò rí.

Ìyàwó mi ló wá bá. Wọ́n jọ ń lọ kàwé ní yunifásítì lópin ọ̀sẹ̀ ni. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyàwó mi ní Dópémù, èmi fúnra mi ni mo sì rọ̀ ọ́ kó lọ kàwé kún ìwé rẹ̀. Ọdún ẹgbẹ̀rún méjì ṣì kù díẹ̀ kó dé nígbà náà, gbogbo èèyàn ló ń wá oyè kún oyè. Ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, tó dá lórí bí ilé iṣẹ́ ṣe lè máa ṣe ọjà láì ba ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ àwọn tó yí i ká jẹ́. Ẹ̀kọ́ yẹn ló gba ìyàwó mi lọ́wọ́ mi.

Bó bá ti bọ́ bàtà nírọ̀lẹ́ Sátidé báyìí, "olùkọ́ wa sọ pé" ló kù. Olùkọ́ wọn sọ pé kéèyàn má wo ilé iṣẹ́ bí ohun tó dá dúró, kó wò ó bí ohun tó ń jẹ, tó ń mu, tó sì ń yàgbẹ́. Ohun tí ọ̀kan bá yà, kí wọ́n wá ẹlòmíì tó lè lò ó. Kí ìyẹ̀fun igi láti ibi tí wọ́n ti ń la pákó lọ sábẹ́ àwọn adìyẹ, kí ike tó fọ́ lọ bá àwọn tó ń yọ́ ọ di bàtà. Ó di pé mi ò lè ju ìwé ìròyìn àná nù kó tó bi mí ta ló lè lò ó. Mo ti lò ju ọdún mẹ́wàá lọ nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró lọ́nà Agége. Mo mọ ẹ̀rọ, mo mọ kẹ́míkà, kò sì bi mí ní ẹyọ ìbéèrè kan nípa wọn.

Ìgbà tí olùkọ́ wọn wá ní kí wọ́n pín ara wọn ní mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ilé iṣẹ́ kan, kí wọ́n kọ gbogbo ohun tó ń wọlé síbẹ̀ àti gbogbo ohun tó ń jáde, pẹ̀lú ibi tó ń gbà lọ, inú mi dùn. Mo ní àsìkò mi dé. Ọkùnrin gíga yẹn wà nínú ẹgbẹ́ ìyàwó mi, àti arábìnrin kan tí kò dí mi lọ́wọ́. Mo dúró kí ìyàwó mi bẹ̀ mí, kò bẹ̀ mí. Mo bá lọ bá máníjà wa fúnra mi, ó sì ní kí wọ́n wá wo ẹ̀rọ. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà wálé tayọ̀tayọ̀.

"Máníjà wa ti gbà o. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wá."

Ó ń bẹ iṣu lọ́wọ́, kò gbójú sókè. "Ẹ ṣé gan-an, Dádì. A ti mú ibòmíì ṣá. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí ní Ìgàndó."

"Gààrí kẹ̀? Ta ló ni ibẹ̀?"

"Àǹtí ẹnì kan nínú wa ni."

Kò pọn dandan kó sọ ẹni náà. Mo jowú, mi ò ní fún un ní orúkọ mìíràn.

Ní Sátidé tí wọ́n fẹ́ lọ wo ibẹ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìgàndó láìsọ fún un. Mo mú àpò dání kí n lè sọ pé gààrí ni mo wá rà. Ìyàwó mi ni mo kọ́kọ́ rí, tó ká síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, tó dúró nínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fún ẹ̀gẹ́. Ọkùnrin náà ń sọ pé àwọn tó ń sin ewúrẹ́ ń kó èèpo lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bójú tó omi kíkan tó ń ṣàn lọ sẹ́yìn ilé onílé. Ìyàwó mi ní bí wọ́n bá gbẹ́ kòtò kí sítáàṣì lè silẹ̀, wọ́n á rí i tà, omi tó kù kò sì ní rùn tó bẹ́ẹ̀.

"Àǹtí, ẹ ti yanjú ẹ̀," ni ọkùnrin náà wí fún un.

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Ìgbà tí mò ń fẹ́ ẹ sọ́nà ni mo gbọ́ ọ kẹ́yìn. Mo ra gààrí tá ò nílò, mo sì padà sílé.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tá a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ń fọ aṣọ iṣẹ́ mi lẹ́yìnkùlé. Ara mi ò gbà á mọ́.

"Kí ló dé tó o fi kọ ibi iṣẹ́ mi sílẹ̀? Ṣé ibẹ̀ kéré lójú ẹ ni, àbí torí pé kì í ṣe àǹtí ọkùnrin yẹn ló ni ín?"

Kò bínú. Ó fún ṣòkòtò mi, omi búlúù sì jáde sínú báàfù.

"Ẹ wo omi yìí, Dádì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, pupa ni. Gọ́tà ẹ̀yìn iléèwé wa náà pupa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lọ́sẹ̀ yìí, búlúù ni. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń sáré wá sọ fún mi."

Èmi ni mò ń ṣí omi aró ilé iṣẹ́ wa sí gọ́tà yẹn, bí wọ́n ṣe pàṣẹ fún mi.

"Bí a bá wá síbẹ̀, a gbọ́dọ̀ kọ ibi tó ń gbà lọ. Wọ́n á sì bèèrè ẹni tó ń ṣí i. Mi ò lè fọwọ́ ara mi kọ ohun tí wọ́n máa fi lé yín lẹ́nu iṣẹ́."

Ó yẹ kí n dúpẹ́. Ó kù díẹ̀ kí n dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn ló jáde lẹ́nu mi. "Kí lo wá sọ fún àwọn tó kù?"

"Mo sọ òótọ́ fún ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn. Òun ló ní ká fi ọ̀dọ̀ yín sílẹ̀, pé òun á bá àǹtí òun sọ̀rọ̀."

"Ìgbà wo lo sọ fún un?"

"Ó ti pẹ́. Láti ìgbà òjò."

Láti ìgbà òjò ni a jọ ń jẹun lórí tábìlì kan náà, ó mọ ohun tí mò ń ṣe níbi iṣẹ́, kò sì sọ ọ́ lójú mi. Ọkùnrin yẹn ló sọ ọ́ fún. Ìyàwó mi tún ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò náà, ó ń fi ọṣẹ pa á. Gbogbo owú tí mo ti ń jẹ ṣáájú ọjọ́ yẹn, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọjọ́ náà.